Láti Ìkẹjà dé Heathrow: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ lórí bí ọ̀nà ṣe jìn tó àti iye wákàtí tí ó ń gbà

Ìwọ̀nba ni agbo ilé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí kò ní ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ní London. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọ̀nà òfúrufú láti Èkó sí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń béèrè nípa rẹ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wa. Pápákọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed tí ó wà ní Ìkẹjà àti Heathrow tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn London ni ìdáhùn wọ̀nyí dá lé. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan Gatwick, a ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni Ìkẹjà ṣe jìn sí Heathrow tó?

Bí a bá fa okùn tààrà láti Ìkẹjà dé Heathrow lórí ilẹ̀ ayé, nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni yóò jẹ́. Ẹni tí ó bá ń fi máìlì ka ọ̀nà yóò pè é ní nǹkan bí 3,100. Àwọn awakọ̀ òfúrufú ní tiwọn máa ń lo máìlì ojú òkun, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ 1.852 kìlómítà, nítorí náà nǹkan bí 2,700 ni wọn yóò sọ. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má rò pé ẹnì kan ń parọ́. Òṣùwọ̀n tí wọ́n lò ni kò bára mu.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi ọkàn sí: àríwá ni London wà sí wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àríwá gangan. Ìkẹjà wà ní nǹkan bí dígírì 6 àti ààbọ̀ sí òkè ìlà tí ó pín ayé sí méjì, Heathrow sì wà ní nǹkan bí dígírì 51 àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ń wọ̀n ọ́n láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, ohun tí ó wà láàárín wọn kò pé dígírì 4. Ẹni tí ó ń lọ sí London ń gòkè lọ lójú àwòrán ayé ni, kò fi bẹ́ẹ̀ yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Púpọ̀ nínú ohun tí a ó sọ nípa agogo àti àárẹ̀ ara ti inú ọ̀rọ̀ yìí jáde.

Wákàtí mélòó ni ọkọ̀ òfúrufú tí kò dúró níbì kankan fi ń rìn ín?

Nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni ó sábà máa ń wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, àlọ àti àbọ̀. Ó lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ dín, ó sì lè fi díẹ̀ lé.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìṣirò lè bi wá pé kí ló dé tí kò fi yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọkọ̀ ńlá bíi Boeing 777, Boeing 787 àti Airbus A350 máa ń sáré tó nǹkan bí 900 kìlómítà láàárín wákàtí kan nígbà tí wọ́n bá ti gun òkè tán, ní ibi tí ó ga tó 10,000 sí 12,000 mítà. Bí ẹ bá pín 5,000 sí ọ̀nà 900, ohun tí ẹ ó rí kò ju wákàtí márùn-ún ààbọ̀ àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Àkókò tí ó kù lọ sórí gígun òkè àti sísọ̀kalẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ kò lè sá iye eré yẹn nígbà tí ó bá ṣì wà nítòsí ilẹ̀. Ó lọ sórí bí ọ̀nà ṣe máa ń tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ lójú òfúrufú. Ó sì lọ sórí rírìn tí ọkọ̀ ń rìn nílẹ̀ kí ó tó gbéra àti lẹ́yìn tí ó bá balẹ̀.

Awakọ̀ sọ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé wákàtí mẹ́fà ni a ó fi fò, ṣùgbọ́n mẹ́fà ààbọ̀ ni ó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Òótọ́ ni méjèèjì. Tíkẹ́ẹ̀tì ń ka àkókò láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti fi ẹnu ọ̀nà tí èrò gbà wọlé sílẹ̀ títí di ìgbà tí ó bá fi dúró pátápátá lókè ọ̀hún. Awakọ̀ ń ka tirẹ̀ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá kúrò nílẹ̀ títí di ìgbà tí yóò tún fi kan ilẹ̀. Ohun tí ó wà láàárín méjèèjì ni rírìn tí ọkọ̀ ń rìn lórí ilẹ̀.

Heathrow ní ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ méjì péré, bẹ́ẹ̀ sì ni ó wà lára àwọn pápákọ̀ òfúrufú tí èrò pọ̀ sí jù lọ láyé. Nígbà tí ọkọ̀ bá pọ̀ jù, wọ́n máa ń ní kí àwọn tí ó ń bọ̀ máa yípo ní ọ̀kan nínú ibi mẹ́rin tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un lókè agbègbè London, èyí tí orúkọ wọn ń jẹ́ Bovingdon, Lambourne, Biggin àti Ockham. Bí ẹ bá ń wo àwòrán ọ̀nà tí ó wà níwájú àga yín, tí ẹ rí i pé ọkọ̀ ti dé London tán ṣùgbọ́n tí ó ń yí òbìrìkítí, kò sí ewu kankan. Orí ìlà ni ẹ wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú mọ̀ pé èyí lè ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ti fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún àkókò tí wọ́n kọ sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbéra ní Ìkẹjà fi tún lè dé lásìkò.

Kí ló dé tí ọkọ̀ kì í gba ọ̀nà tààrà tí àwọn ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí ń ṣírò jíjìn ọ̀nà fi hàn?

Nítorí pé òfúrufú náà ní ẹni tí ó ni ín. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ni òkè ilẹ̀ rẹ̀, ó lè ṣí i, ó sì lè tì í. Láti Ìkẹjà, ọkọ̀ tí ó ń lọ sí London sábà máa ń kọrí sí àríwá, yóò kọjá lókè aṣálẹ̀ Sàhárà àti ilẹ̀ Àlgéríà, yóò sọdá òkun Mẹditaréníà, lẹ́yìn náà ni yóò gba òkè Sípéènì tàbí Faransé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí bá ti ojú òfúrufú rẹ̀, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yà.

Ó ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo wa ní ọdún 2023. Àwọn ológun gbàjọba ní orílẹ̀-èdè Niger ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, wọ́n ti gbogbo ojú òfúrufú wọn pa. Niger ni ó wà lórí wa gan-an ní ìhà àríwá, ilẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ púpọ̀. Àwọn ọkọ̀ tí ó ń lọ láàárín ilẹ̀ Yúróòpù àti ìhà tiwa níhìn-ín wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí gba ibòmíràn, èyí sì mú kí ìrìn-àjò wọn pẹ́, kí epo tí wọ́n ń jó sì pọ̀ sí i, títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n tó ṣí i padà. Ilẹ̀ Líbíà náà wà nínú àwọn ibi tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ti ń yẹra fún láti ọjọ́ tí ogun ti dé ibẹ̀. Ojú ìwé tí ó ń ṣírò jíjìn ọ̀nà kò mọ ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Nítorí náà, nọ́ńbà tí wọ́n fún yín jẹ́ èyí tí ó kéré jù tí ọkọ̀ lè rìn, kì í ṣe èyí tí ó máa ń rìn gan-an.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé. Ìgbà wo ni kí n kúrò nílé?

Lójú tiwa, ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ìyókù, nítorí pé òun ni ó ń mú kí ènìyàn pàdánù ọkọ̀. Láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìkẹjà jẹ́ nǹkan bí 100 kìlómítà. Ìyẹn ni pé ó jẹ́ ìdá kan péré nínú àádọ́ta ọ̀nà tí ọkọ̀ òfúrufú yóò fò. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé ó lè gba wákàtí méjì lónìí, kí ó sì gba márùn-ún lọ́la, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe àṣìṣe kankan. Ọkọ̀ òfúrufú tí ó ń rìn 5,000 kìlómítà kì í sábà fi ju ìdajì wákàtí lọ yàtọ̀ sí iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà tí ó bá ti gbéra. Ọkọ̀ ilẹ̀ tí ó ń rìn 100 kìlómítà ni kò ní ìwé àkókò kankan.

Ẹ ó jáde sí òpópónà márosẹ̀ Ṣágámù sí Bẹ̀nì, ẹ ó dé ìkóríta Ṣágámù, ẹ ó yà sí òsì sórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹ ó kọjá ní Mọ́wé àti Ìbàfò, kí ẹ tó dé Kára àti Béjà. Láti Béjà, ojú ọ̀nà Ìkẹjà kò jìn mọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti máa ń pọ̀.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí ó yẹ kí ẹ wò lórí kàlẹ́ńdà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìjọ Redeemed máa ń ṣe ìsìn òru wọn ní Redemption City, èyí tí ó wà létí márosẹ̀ náà kí ẹ tó dé Mọ́wé, àwọn èrò tí ó ń lọ síbẹ̀ sì pọ̀ láti ọ̀sán. Ìpàdé ńlá tí wọ́n ń ṣe nínú oṣù Kẹjọ àti èyí tí wọ́n ń ṣe nínú oṣù Kejìlá gùn ju ọjọ́ kan lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Iléyá, ọjà ẹran ní Kára máa ń kún dé ojú ọ̀nà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn tí ó ń gbé ní Mọ́wé, Ìbàfò àti Arẹ́pò tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Èkó yóò wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú yín, kò sì sí èyí tí yóò yà fún yín nítorí pé ẹ ń lọ sí London.

Ìmọ̀ràn wa rèé. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú fẹ́ kí èrò ti dé pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, wọ́n sì sábà máa ń dáwọ́ gbígba ẹrù dúró nígbà tí ó bá ku nǹkan bí wákàtí kan kí ọkọ̀ gbéra. Bí ọkọ̀ yín yóò bá gbéra ní agogo 11 alẹ́, agogo 8 ni ó yẹ kí ẹ wà níwájú àwọn tí ń gba ẹrù. Ẹ kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde ní agogo 2 ọ̀sán, kí agogo 3 má sì bá yín nílé. Bí ẹ bá tètè dé, ẹ jókòó. Ìjókòó kò pa ẹnikẹ́ni rí. Bí ó bá jẹ́ òwúrọ̀ ni ọkọ̀ yín yóò gbéra, a kò rò pé ó yẹ kí ẹ sùn ní Ìjẹ̀bú rárá. Ẹ lọ sùn lọ́dọ̀ ẹbí tàbí ní òtẹ́ẹ̀lì ní agbègbè Ìkẹjà lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú.

Ṣé kò ní yá bí mo bá gba Ẹ̀pẹ́?

Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ dára fún ẹni tí ó ń lọ sí Lẹ́kí tàbí Erékùṣù Èkó. Ẹni tí ó ń lọ sí pápákọ̀ òfúrufú yóò bọ́ sí apá kejì ìlú, yóò sì tún ní láti la gbogbo ìgboro kọjá kí ó tó dé Ìkẹjà. Àwọn mìíràn máa ń gba Ìtóìkín jáde sí Ìkòròdú. Ó lè wúlò nígbà tí ìjàm̀bá bá ti dí márosẹ̀ pa, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ọ̀nà àkọ́kọ́.

Ṣágámù ni èmi ń gbé, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn mí tó bẹ́ẹ̀, àbí?

Ó kàn yín. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó wà ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìpẹru ti fi nǹkan bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sún mọ́ Èkó ju ará Ìjẹ̀bú-Òde lọ. Ṣùgbọ́n Mọ́wé, Ìbàfò, Kára àti Béjà, níbi tí wàhálà ọ̀nà wà, ṣì wà níwájú gbogbo wa. Ẹ lè yọ wákàtí kan kúrò nínú ohun tí a sọ fún ará Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ má yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan sì ń béèrè nípa pápákọ̀ òfúrufú tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́ sí ààrin Ìpẹru àti Ìlíṣàn. Ohun ìwúrí ni fún Rẹ́mọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lọ sí London tààrà ní ìhà tiwa níhìn-ín, Ìkẹjà ni yóò ti wọkọ̀.

Ẹnì kan sọ fún wa pé Ìjẹ̀bú-Òde sún mọ́ London ju Ìkẹjà lọ. Ṣé àwàdà ni?

Kì í ṣe àwàdà. Ìjẹ̀bú-Òde wà ní àríwá àti ìlà oòrùn Ìkẹjà, bí ẹyẹ bá sì fò láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Heathrow, yóò fi nǹkan bí 20 kìlómítà dín sí ti ẹyẹ tí ó gbéra ní Ìkẹjà. Ní kúkúrú, ẹni tí ó kúrò nílé ní Ìjẹ̀bú-Òde kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn sí London díẹ̀ kí ó tó kọjú sí i. Kò ní àǹfààní kankan fún ìrìn-àjò yín, àfi kí ẹ fi dá ara yín lára yá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Kí ni agogo yóò sọ nígbà tí mo bá dé?

Agogo Nàìjíríà kì í yí padà lọ́dún. Agogo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n máa ń fi wákàtí kan sún un síwájú ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta, wọ́n sì máa ń dá a padà ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá. Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹwàá yìí, agogo kan náà ni Èkó àti London ń lò. Nígbà òtútù wọn, wákàtí kan ni a fi ṣáájú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Ìkẹjà ní agogo 11 alẹ́ nínú oṣù Keje, tí ó sì lo wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, agogo 5 ààbọ̀ ìdájí ni yóò jẹ́ ní London àti ní Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ oṣù Kejì ni, agogo 5 ààbọ̀ ni yóò jẹ́ nílé, ṣùgbọ́n agogo 4 ààbọ̀ ni yóò wà lára ògiri níbẹ̀. Ẹ rántí pé àkókò ibi tí ọkọ̀ ti gbéra ni wọ́n fi ń kọ àkókò ìgbéra sórí tíkẹ́ẹ̀tì, àkókò ibi tí ó ń lọ ni wọ́n sì fi ń kọ ti ìbalẹ̀. Ẹni tí ó bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì nígbà òtútù láìrántí èyí yóò rò pé wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ni ọkọ̀ fi lọ, àti pé méje ààbọ̀ ni ó fi bọ̀.

Ìyá wa ti dàgbà. Ṣé àyípadà agogo kò ní da oorun wọn rú?

Ọ̀nà London kò ní irú ìnira yẹn, yálà agogo bára mu tàbí ó fi wákàtí kan yàtọ̀. Bí ìyá bá rẹ̀ wọ́n, àìsùn òru àti jíjókòó pẹ́ ni ó fà á. New York ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: nǹkan bí 8,400 kìlómítà ni láti Èkó, ó ń gba nǹkan bí wákàtí mọ́kànlá láti lọ, wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà sì ni a fi ṣáájú wọn. Ìjì líle tí ó ń fẹ́ lókè láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn máa ń dí ọkọ̀ lọ́wọ́ nígbà àlọ, yóò sì tì í lẹ́yìn nígbà àbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àbọ̀ ṣe ń yá ju àlọ lọ. London tí ó wà ní àríwá kò fi bẹ́ẹ̀ rí èyí, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ṣé Heathrow àti Gatwick kò rí bákan náà?

Ní ojú òfúrufú, bákan náà ni. Gatwick wà ní gúúsù London, ó sì fi ìwọ̀nba kìlómítà sún mọ́ wa jù. Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Èkó lọ sí Gatwick ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ọdún 2024. Ilẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ wà ní Croydon yóò rí i pé Gatwick rọrùn fún òun, nítorí pé rélùwéè tí ó ti ibẹ̀ lọ sí Croydon kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún lọ, Peckham náà sì wà ní ìhà gúúsù yẹn. Ẹni tí ó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn London yóò fẹ́ Heathrow. Ẹ wo àmì tí ó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì: LHR ni Heathrow, LGW ni Gatwick. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò wá pàdé yín gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé láti ọ̀kan dé èkejì ju wákàtí kan lọ nígbà tí èrò bá pọ̀ lójú ọ̀nà.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí ó gba ìlú mìíràn kọjá kéré lówó. Báwo ni ó ṣe ń fi kún ọ̀nà tó?

Ibi tí ẹ bá ti máa yà ni ó ń sọ ọ́. Ẹni tí ó gba Casablanca ní Mòrókò yóò rìn nǹkan bí 5,300 kìlómítà lápapọ̀, tí ó túmọ̀ sí pé kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, nítorí pé Mòrókò wà láàárín wa àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó gba Istanbul yóò rìn nǹkan bí 7,100. Ẹni tí ó gba Kairo yóò lé díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba Addis Ababa yóò kọ́kọ́ lọ sí ìlà oòrùn gan-an fún nǹkan bí 3,900 kìlómítà, lẹ́yìn náà ni yóò tún wá rìn nǹkan bí 5,900 mìíràn. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ọ̀nà tààrà.

Ẹ fi àkókò tí ẹ ó fi dúró kún un. Ìdúró wákàtí méjì dára, ti wákàtí mẹ́sàn-án ń rẹ àgbàlagbà, ti ìṣẹ́jú àádọ́ta léwu, nítorí pé bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá pẹ́ díẹ̀, èkejì yóò ti lọ. Bí owó tí ẹ óò fi pamọ́ kò bá pọ̀ tó, ẹ gbé ìyá yín gba ọ̀nà tààrà.

Ṣé ọyẹ́ lè dá ọkọ̀ dúró?

Ó lè dá a dúró. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, eruku láti aṣálẹ̀ máa ń bo ojú ọ̀run, awakọ̀ kò sì ní rí ojú ọ̀nà dáadáa. London náà ní kùrukùru tirẹ̀ nígbà òtútù, tí ó máa ń mú kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ sí i láàárín ọkọ̀ kan àti òmíràn. Bí ẹ bá ní ìpàdé pàtàkì ní London nínú oṣù Kejìlá tàbí Kínní, ẹ fi odidi ọjọ́ kan ṣáájú rẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá pẹ́ púpọ̀, ṣé jíjìn ọ̀nà kan owó tí wọ́n lè san fún mi?

Ó kàn án tààrà. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi jíjìn ọ̀nà pín àwọn ìrìn-àjò sí ìpele, èyí tí ó bá sì ju 3,500 kìlómítà lọ ni ó wà ní ìpele tí ó ga jù. Èkó sí London wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fi ju wákàtí mẹ́rin lọ pẹ́ kí ó tó dé, tí ó sì jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni ó jẹ̀bi, owó náà jẹ́ 520 pọ́n-ùn fún èrò kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá wà láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n lè dín in sí ìdajì. Ojú ọjọ́ búburú àti títì tí ìjọba ti ojú òfúrufú kò sí nínú ẹ̀bi wọn. Òfin yìí kan gbogbo ọkọ̀ tí ó bá gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún èyí tí ó ń lọ síbẹ̀ láti Ìkẹjà, àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti ilẹ̀ Yúróòpù nìkan ni ó dè. Ẹ pa àjákù tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi wọkọ̀ mọ́.

Báwo ni àwọn bàbá wa ṣe ń lọ kí ọkọ̀ òfúrufú tó gbòde?

Ọkọ̀ ojú omi ni. Àwọn àgbà tí ó lọ kàwé ní àwọn ọdún 1950 ṣì ń dárúkọ Aureol, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, tí ó ń gbéra ní Èkó lọ sí Liverpool. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi ń lọ, tí yóò máa yà ní àwọn èbúté bíi Freetown lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni Nigeria Airways, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1958 tí iṣẹ́ rẹ̀ sì dópin ní ọdún 2003, gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ilé pápákọ̀ òfúrufú tí a ń lò ní Ìkẹjà, tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀gágun Murtala Muhammed tí wọ́n pa ní ọdún 1976 sọ, ṣí ní ọdún 1979.

Àwọn tí ń lọ sí Mẹ́kà ńkọ́?

Jeddah sún mọ́ wa ju London lọ: nǹkan bí 4,200 kìlómítà ni, ó sì ń gba nǹkan bí wákàtí márùn-ún sí márùn-ún ààbọ̀. Wákàtí méjì ni wọ́n fi ṣáájú wa, kò sì ń yí padà jálẹ̀ ọdún.

Àwọn ọmọ wa ń bọ̀ wá sí Ojúde Ọba. Ìgbà wo ni kí awakọ̀ kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde láti lọ gbé wọn?

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, nítorí náà ọ̀sẹ̀ tí ọ̀nà Kára kún jù lọ ni wọn yóò balẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti balẹ̀ ní Ìkẹjà, ẹ ka wákàtí kan sí méjì fún àwọn tí ń yẹ ìwé wò àti fún dídúró de ẹrù. Bí ó bá jẹ́ alẹ́ ni wọ́n dé, ẹ má ṣe kó wọn gba márosẹ̀ lóru. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn ní Ìkẹjà, kí ẹ sì gbéra nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Bí ó bá jẹ́ ojúmọmọ, ẹ ní kí ẹni yín fi iṣẹ́ ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ ní Heathrow. Láti ìgbà yẹn, nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni ẹ ní, awakọ̀ yín sì lè kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí méjì bá ti kọjá nínú rẹ̀. Ẹ sì gba nọ́ńbà ọkọ̀ náà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ lè tọpa rẹ̀ lórí Flightradar24, ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí ń fi ibi tí ọkọ̀ òfúrufú dé hàn, níbi tí ẹ ó ti rí i bóyá ó ti sọdá Sàhárà tàbí kò tíì sọdá.